Bí a ṣe ń díwọ̀n ọ̀rá ara ọmọ láti mọ̀ bóyá ó ti sanra jù: ìtọ́sọ́nà fún òbí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera ní Èkìtì

Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé ọmọ kọ́ ní ibùdó ìlera alábọ́dé kì í sinmi lọ́jọ́ àjẹsára. Ìyá á bọ́ aṣọ ọmọ, nọ́ọ̀sì á gbé e kọ́, wọ́n á ka kílò rẹ̀, wọ́n á sì fi bírò sàmì sínú káàdì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí ọmọ ń gbà ní oṣù 15, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í gun òṣùwọ̀n mọ́ àfi tí àìsàn bá gbé wọn padà wá. Láti ìgbà náà títí wọn yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ojú lásán ni a fi ń wọ̀n wọ́n, ọmọ tó rù nìkan ni ojú wa sì máa ń wá. Ọmọ tó bá rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìyá rẹ̀ ni a ń kí pé ó kú ìtọ́jú.

Káàdì ìdàgbàsókè yẹn kì í ṣe àjèjì sí agbègbè wa. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, lò ó fún àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tó múlé gbe Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, ní àwọn ọdún 1950, kí ó tó tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àìjẹunrekánú ni wọ́n ń fi í ṣọ́ nígbà náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ó ṣe ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, èyíinì ni ọmọ tí ọ̀rá ti ń pọ̀ lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ní ilé, ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní ibùdó ìlera, pẹ̀lú ohun èlò tí apá wa ká.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rá ló ń fa wàhálà, kì í ṣe kílò. Ọmọ méjì lè wúwo bákan náà, kí ó jẹ́ pé egungun àti iṣan ló pọ̀ lára ọ̀kan, ọ̀rá ló sì pọ̀ lára èkejì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi pín sí ìpele méjì. A ó kọ́kọ́ fi ìwúwo àti gíga ṣe bí asẹ́ tí a fi ń jọ gàrí, kí a lè ya àwọn ọmọ tó yẹ kí a tún wò dáadáa sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá wo ọ̀rá fúnra rẹ̀, lára ikùn àti lábẹ́ awọ. Ẹni tó bá dúró sí ìpele kìíní tó sì ti ń pe ọmọ ní alásanjù ti kánjú.

Ìmúrasílẹ̀

Ẹ nílò òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń dúró lé, èyí tó ń fi ìdá mẹ́wàá kílò hàn. Pákó ìdíwọ̀n gíga. Tẹ́ẹ̀pù tí kì í fà. Ìwé àti bírò. Àti àtẹ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àtẹ méjì ni. Ti ọdún 2006 wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n sì fi ṣe é, Gánà wà lára wọn. Ti ọdún 2007 wà fún ọmọ ọdún 5 sí 19. Ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin, nítorí náà ẹ tẹ méjèèjì sórí ìwé.

Ẹ má ṣe gbà pé òṣùwọ̀n péye nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lé e, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá wọn omi lítà 10 sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí lára. Kílò 10 ni ó gbọ́dọ̀ fi lé sí i. Tí ó bá fi 10.6 lé sí i, òṣùwọ̀n náà ń parọ́, ẹ wá òmíràn. Omi inú náílọ́ọ̀nù (píọ̀-wọ́tà) kò ṣeé lò fún èyí, nítorí omi inú wọn kì í dọ́gba. Orí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé òṣùwọ̀n sí, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì tàbí orí ilẹ̀ àgbàlá tó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí tó pọ̀ ní àwọn ìlú olókè wa.

Ní ti gíga, káfíńtà àdúgbò lè ṣe pákó tó dára: igi pẹlẹbẹ kan tó ga tó mítà méjì, tó dúró gbọnrangandan lórí ìtẹ́lẹ̀, tí wọ́n lẹ tẹ́ẹ̀pù onírin mọ́ lára, pẹ̀lú igi kékeré mìíràn tí igun rẹ̀ gún régé tí a ó máa sọ̀ kalẹ̀ sórí ọmọ. Ẹ rí i dájú pé òdo tẹ́ẹ̀pù náà bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yóò wà gan-an. Tẹ́ẹ̀pù aránṣọ dára fún ikùn, ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́ lọ́rùn télọ̀ ti máa ń fà, nítorí náà ẹ fi rúlà irin wọ̀n ọ́n wò kí ẹ tó lò ó.

Ọjọ́ orí ọmọ

Gbogbo ìdájọ́ tí a fẹ́ ṣe rọ̀ mọ́ ọjọ́ orí, torí náà ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe "ọmọ ọdún mẹ́sàn-án". Káàdì àjẹsára ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí ọjọ́ tí kò tíì sí ìdí láti yí ọjọ́ orí padà ni wọ́n ti kọ ọ́. Ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé kéré jù, gbogbo wa ló sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ kà á dé oṣù.

Ìwúwo

Ẹ wọ̀n ọmọ ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun tàbí ó kéré tán kí ó tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, lẹ́yìn tí ó bá ti tọ̀. Kí ó bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà àti bẹ́líìtì. Kí ó kó gbogbo ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ jáde, nítorí a kì í mọ ohun tí ọmọkùnrin kó sí àpò. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ wà lára rẹ̀. Kí ó dúró sí àárín òṣùwọ̀n láìdi nǹkankan mú, kí ó má sì wo ìsàlẹ̀. Ẹ kà á nígbà tí nọ́ńbà bá dúró, ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tún gùn ún lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ dáadáa níbí. Ẹ má ṣe to kíláàsì sórí ìlà kí ẹ máa pe kílò ọmọ kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni tí ń ta kòkó. Ọmọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè ní "Orobo" yóò ti mọ̀ pé òun ni gbogbo ojú ń dúró dè, ọ̀pọ̀ wọn á sì sọ pé inú ń run wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ lo yàrá kan tàbí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, kí ọmọ máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ obìnrin wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, kí òbí sì ti gbọ́ ṣáájú, kí ó sì ti fọwọ́ sí i. Tí ọmọ bá béèrè pé, "Àǹtí, ṣé mo sanra?" ìdáhùn tó tọ́ ni pé, "À ń wọ̀n gbogbo yín kí a lè mọ bí ẹ ṣe ń dàgbà ni." Òbí ni a ó bá sọ ìyókù.

Gíga

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, àṣìṣe rẹ̀ sì ń di ìlọ́po méjì, nítorí pé a ó fi gíga pín ìwúwo lẹ́ẹ̀mejì nínú ìṣirò.

Ọmọ yóò bọ́ bàtà, yóò fi ẹ̀yìn ti pákó: gìgísẹ̀, ìdí, èjìká àti ẹ̀yìn orí ni ó yẹ kí ó kàn án. Ọmọ tí ìdí tàbí ikùn rẹ̀ tóbi lè má lè fi ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kàn án. Ẹ má ṣe tì í, kí gìgísẹ̀ àti ìdí kàn án, kí ara rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, ó tó. Kí orúnkún nà, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀. Orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ sílẹ̀: etí ìsàlẹ̀ egungun ojú àti ihò etí gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà tó bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹnì kan á di gìgísẹ̀ mú, ẹnì kejì á fi ọwọ́ kan gbá àgbọ̀n ọmọ mú jẹ́jẹ́, á fi ọwọ́ kejì sọ igi kalẹ̀ títí yóò fi tẹ irun mọ́ agbárí. Kí ojú ẹni tó ń kà á wà ní ọ̀gangan nọ́ńbà náà, kí ó kà á dé ìdá mẹ́wàá sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìyàtọ̀ bá ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Irun ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ló ń yan irú irun tí gbogbo ọmọ yóò dì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá yan ṣùkú, ẹ sún ìdíwọ̀n síwájú, nítorí pé òkìtì tó wà ní àtàrí kò jẹ́ kí igi kan agbárí, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú yọ ọ́ kúrò. Ọ̀sẹ̀ kòlẹ́sẹ̀ ló dára jù, nítorí àtàrí máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ìpàkọ́ ni gbogbo rẹ̀ sì ń wọ́ lọ. Pàtẹ́wọ́ pàápàá ní òkè díẹ̀ láàárín orí, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ọ. Ohun tí ṣùkú lè bàjẹ́, ẹ ó rí i nínú ìṣirò tó ń bọ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ìdùbúlẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n, lórí pákó tó ní ìdènà níbi orí. Tí ọmọ ọdún 2 sókè bá kọ̀ láti dúró, tí a sì ní láti wọ̀n ọ́n ní ìdùbúlẹ̀, a ó yọ 0.7 sẹ̀ǹtímítà kúrò, nítorí ara máa ń gùn díẹ̀ sí i tí a bá dùbúlẹ̀.

Ìṣirò BMI

Ẹ sọ gíga di mítà, ẹ fi gíga náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi èsì yẹn pín kílò ọmọ. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní BMI. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní ọdún 1832. Kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rá ló ń wá. Ancel Keys ti Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́ yìí ní ọdún 1972. Ó dára kí ẹni tó ń lò ó rántí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọbìnrin kan tó pé ọdún 9 géérégé, tó wúwo ní kílò 34.0, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 134.5. Mítà 1.345 lọ́nà 1.345 jẹ́ 1.809. Tí a bá fi ìyẹn pín 34.0, a ó rí 18.8. Wàyí o, ká ní ṣùkú ti fi sẹ̀ǹtímítà 4 kún gíga rẹ̀, 138.5 ni à bá kọ, BMI rẹ̀ ì bá sì di 17.7. Lórí àtẹ, ìlà tí ìwúwo ọmọbìnrin ọdún 9 ti ń pọ̀ jù jẹ́ 18.3. Irun orí nìkan ti mú ọmọ náà bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kíka èsì lórí àtẹ

Ẹ má ṣe fi 25 àti 30 tí àwọn àgbàlagbà ń lò wọ̀n ọmọ. Lórí àtẹ ọdún 5 sí 19, ẹ wá ọjọ́ orí ọmọ ní ìsàlẹ̀, ẹ bá a gòkè títí dé BMI rẹ̀, ẹ fi àmì síbẹ̀. Tí àmì náà bá kọjá ìlà tí wọ́n kọ 1 sí, ìwúwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Tí ó bá kọjá ìlà 2, ó ti wọ ibi ìsanrajù. Fún ọkùnrin ọdún 6, ìlà méjèèjì wà ní 16.8 àti 18.5, ti obìnrin sì jẹ́ 17.0 àti 19.2. Ní ọdún 9, ti ọkùnrin jẹ́ 17.9 àti 20.5, ti obìnrin 18.3 àti 21.5. Ní ọdún 12, ọkùnrin 19.9 àti 23.6, obìnrin 20.8 àti 25.0. Ní ọdún 15, ọkùnrin 22.7 àti 27.0, obìnrin 23.5 àti 28.2. Ìgbà tí wọ́n bá fi pé ọdún 19, ìlà méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 25 àti 30 ti àgbàlagbà.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ìlà 2 ni ìwúwo àpọ̀jù ti bẹ̀rẹ̀, ìlà 3 sì ni ti ìsanrajù. Ìṣọ́ra ló fa ìyàtọ̀ náà: ọmọ kékeré ṣì ń dàgbà kíákíá, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi oúnjẹ dù ú nítorí ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin wa ti 18.8 wà láàárín ìlà 1 àti ìlà 2. Asẹ́ ti yà á sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀ ná.

Ohun kan wà lórí àtẹ yìí tó yẹ kí gbogbo ìyá mọ̀. BMI ọmọ kì í lọ sókè láti kékeré títí dé àgbà. Ti ọmọkùnrin tó wà láàárín gbùngbùn àtẹ jẹ́ nǹkan bíi 16.8 ní ọdún kan. Yóò máa wálẹ̀ títí dé bíi 15.3 ní ọdún 5 sí 6, kí ó tó tún máa gòkè, tí yóò sì jẹ́ 16.4 ní ọdún 10. Nítorí náà, ọmọ ọdún 4 tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fọ́n, tí egungun ìhà rẹ̀ sì ń hàn díẹ̀, ohun tó yẹ kí ara rẹ̀ ṣe ló ń ṣe. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn ìyá máa ń pariwo pé ọmọ ti rù, tí wọ́n á lọ ra oògùn amúnijẹun ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, tí ìyá àgbà náà á sì fi òkèlè iyán kún òkèlè. Ọmọ tí BMI rẹ̀ tètè yí padà sókè, bí àpẹẹrẹ ní ọdún 3 tàbí 4, ni ewu ìsanrajù pọ̀ fún nígbà tó bá dàgbà. Àmì kan ṣoṣo lórí àtẹ kò lè fi èyí hàn wá. Àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a tò léra ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló lè fi í hàn.

Ikùn

Ọ̀rá tó wà nínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, léwu ju èyí tó wà ní itan àti apá lọ. Ẹ wọ̀n ikùn kí ọmọ tó jẹun. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán, oúnjẹ ni a ó wọ̀n. Kí ọmọ dúró, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, kí ó gbé aṣọ sókè. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wá orí egungun ìbàdí nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi bírò sàmì sí àárín méjèèjì. Ibẹ̀ ni tẹ́ẹ̀pù yóò gbà yíká. Ìdodo kọ́ ni a ń tẹ̀ lé, pàápàá tí ó jẹ́ pé ìdodo ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń yọ. Kí tẹ́ẹ̀pù kan awọ láìfún un, kí ó bá ilẹ̀ dọ́gba yípo, kí ẹ sì kà á nígbà tí ọmọ bá mí síta tán wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ikùn ni à ń wọ̀n yóò fà á sínú. Ẹ ní kí ó ka orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ fún yín, ikùn náà yóò tú sílẹ̀.

Ẹ fi gíga pín iye tó jáde. Láti ọdún 5 sókè, ikùn ọmọ kò yẹ kí ó tó ìdajì gíga rẹ̀: 0.5 sí 0.59 ń sọ pé ewu ti ń pọ̀, 0.6 sókè ń sọ pé ó ti pọ̀ gan-an. Ọmọbìnrin wa ní ikùn sẹ̀ǹtímítà 64. Tí a bá fi 134.5 pín in, 0.48 ni. Kò tíì débẹ̀. Tí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n rárá, okùn kan tó ìwọ̀n yìí: ẹ wọ̀n gíga ọmọ pẹ̀lú okùn, ẹ ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, kí ẹ wò ó bóyá yóò yí ikùn rẹ̀ ká. Bí kò bá yí i ká, ọmọ náà nílò àyẹ̀wò sí i. Mo fẹ́ràn ọ̀nà okùn yìí fún àwọn abúlé tó jìnnà sí ibùdó ìlera, torí pé kò béèrè àtẹ tàbí ìṣirò.

Ọ̀rá abẹ́ awọ

Èyí nílò kálípà, irinṣẹ́ kékeré tí ń mú awọ bí ẹ̀mú, tó sì ń fi mìlímítà hàn. Ó tún nílò ọwọ́ tó ti mọ́ ọn, nítorí náà òṣìṣẹ́ ìlera ni mo kọ abala yìí fún. Apá ọ̀tún ni a ń lò. Kí ọmọ ká apá rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, ẹ wọ̀n láti ṣóńṣó egungun èjìká dé ṣóńṣó ìgbọ̀nwọ́, ẹ sàmì sí àárín rẹ̀ ní ẹ̀yìn apá. Kí ó wá sọ apá kalẹ̀ láìle. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú awọ àti ọ̀rá ibẹ̀ pọ̀, ní sẹ̀ǹtímítà kan lókè àmì, ẹ fà á kúrò lára iṣan. Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá iṣan wà nínú rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ na apá le. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ yín bá ń fà lọ, iṣan ni ẹ mú. Ẹ fi kálípà sí orí àmì, ẹ má ṣe tú ọwọ́ sílẹ̀, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́rin, kí ẹ tó kà á. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ jókòó sórí àga, kí ẹ ṣe bákan náà ní apá inú ẹran ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojúgun, níbi tó ti tóbi jù.

Ẹ ro mìlímítà méjèèjì pọ̀. Ìṣirò tí Slaughter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1988 sọ pé fún ọmọkùnrin, kí a fi 0.735 ṣe ìlọ́po àròpọ̀ náà, kí a fi 1.0 kún un. Fún ọmọbìnrin, kí a fi 0.610 ṣe é, kí a fi 5.1 kún un. Ohun tó jáde ni ìdá ọgọ́rùn-ún ara tó jẹ́ ọ̀rá. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun, ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ẹ lò ó bí atọ́nà, kì í ṣe bí òfin. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 1992 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i lára ọkùnrin tí ọ̀rá rẹ̀ tó 25 nínú 100, àti obìnrin tí tirẹ̀ tó 30.

Ká ní apá ọmọbìnrin wa jẹ́ mìlímítà 15, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Àròpọ̀ jẹ́ 29, lọ́nà 0.610, pẹ̀lú 5.1, ó jẹ́ 22.8. Ọmọ náà wúwo, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ kò tíì dé 30, ikùn rẹ̀ kò sì tíì dé ìdajì gíga rẹ̀. Ẹni tí a ó máa ṣọ́ ni, a ó tún wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ wá wo ọmọkùnrin ọdún 12 tó wúwo ní kílò 55, tó ga ní 148, tí ikùn rẹ̀ jẹ́ 80, tí apá rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 20. BMI rẹ̀ jẹ́ 25.1, ó ti kọjá ìlà 2. Ikùn rẹ̀ pín sí gíga jẹ́ 0.54. Ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ 31.9. Ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn ṣọ̀kan, kò sí ohun tí a tún ń dúró dè.

Ẹ̀rọ tó ń sọ ìdá ọ̀rá

Àwọn òṣùwọ̀n kan wà lọ́jà báyìí tí ń sọ ìdá ọ̀rá fúnra wọn lójú ẹsẹ̀. Iná mànàmáná tí kò lágbára ni wọ́n ń rán gba inú ẹsẹ̀. Iná ń gba inú iṣan tó kún fún omi kọjá wẹ́rẹ́, ó sì ń nira fún un láti gba inú ọ̀rá. Ẹ̀rọ náà kò rí ọ̀rá, ìṣirò ló ń ṣe, ìṣirò àgbàlagbà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Bí èyí tí ẹ rí kò bá ní àyè láti tẹ ọjọ́ orí ọmọ sí, ẹ má lò ó fún ọmọ. Bí ó bá ní, kí ọmọ má ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tàbí mu omi púpọ̀, kí ó nu àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, pàápàá lákòókò ọyẹ́ tí ẹsẹ̀ ń gbẹ. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ gùn ún. Ẹ̀rọ kan náà ni kí ẹ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ìyípadà láti oṣù dé oṣù ló wúlò níbẹ̀ ju nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn olùwádìí ní ọ̀nà tó péye jù wọ̀nyí lọ, bíi ẹ̀rọ ìyàwòrán tí ń ya egungun, iṣan àti ọ̀rá sọ́tọ̀, tàbí omi pàtàkì kan tí ọmọ yóò mu tí wọ́n á sì yẹ itọ́ rẹ̀ wò. Kò sí ìdí fún òbí láti máa wá wọn kiri.

Ìgbà tó yẹ kí ọmọ rí dókítà

Kí gbogbo ọmọ tó kọjá ìlà 2 rí dókítà. Kí ẹni tó wà láàárín ìlà 1 àti 2 náà rí i bí ikùn rẹ̀ bá ti tó ìdajì gíga rẹ̀, tàbí bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn àti abẹ́ abíyá: awọ tó dúdú, tó nípọn bí àrán, kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo ti rí ìyá tó fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bó ọrùn ọmọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ínsúlínì, omi ara tí ń ṣètò ṣúgà, tó ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló fà á, ìyẹn sì lè ṣáájú àtọ̀gbẹ. Ẹ béèrè bóyá ọmọ ń han-anrun lóru tó sì ń tòògbé ní kíláàsì, bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ jù, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ̀ sóde. Ọmọ tó sanra tó ń tiro, tó ń sọ pé ìbàdí tàbí orúnkún ń dun òun, kò gbọdọ̀ sùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ó dé ilé ìwòsàn, nítorí orí egungun itan rẹ̀ lè ti yẹ̀.

Ọmọ tó sanra sábà máa ń ga díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí ó tó bàlágà. Nítorí náà, èyí tó sanra ṣùgbọ́n tí kò ga mọ́ ń kó mi lọ́kàn sókè ju àwọn yòókù lọ: ó lè jẹ́ pé omi ara kan (họ́mónù) ló ṣe ségesège, tàbí pé ẹnì kan ń fún un ní dexamethasone tàbí prednisolone, àwọn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí ń múni sanra, láìsí àṣẹ dókítà. Ẹ béèrè gbogbo oògùn tó wà nílé, kí wọ́n kó wọn wá fún yín, pẹ̀lú ìpara.

Ibùdó ìlera alábọ́dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ pẹ̀lú ìdè apá tó bá apá ọmọdé mu. Láti ibẹ̀, wọ́n lè kọ ìwé fún yín sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Kí òbí má ṣe fi ebi pa ọmọ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìwé tí ẹ ó fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ pé "ọmọ yìí sanra" lásán. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n àti aago tí ẹ wọ̀n ọ́n, kílò rẹ̀ àti aṣọ tó wà lára rẹ̀, gíga rẹ̀ àti irú irun tó dì, ìwọ̀n ikùn, mìlímítà kálípà bí ẹ bá lò ó, irú òṣùwọ̀n tí ẹ lò, àti gbogbo ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá tí ẹ bá rí nínú káàdì. Kí òbí fi fóònù ya ìwé náà kí ó tó gbé e sílẹ̀ ní káńtà, nítorí dókítà tó máa rí ọmọ náà ní oṣù mẹ́fà sí i lè má jẹ́ ẹni tó rí i lónìí, fáìlì náà sì lè má tètè jáde.